Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Owó Lápò: Ìdí Tí Owó Ìtọ́jú Aláìsàn Kan Fi Ń Pé, Tí Ti Òmíràn Kì Í Pé

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí gúrúùpù WhatsApp àwa tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa wà ní ọsibítù, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Kò sí iye tó kéré jù. Ọlọ́run á san án fún yín." Nọ́ńbà àkáǹtì ló tẹ̀ lé e. Orúkọ obìnrin kan ló wà lórí àkáǹtì náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Títí ilẹ̀ fi mọ́, "Ọlọ́run á wò ó sàn" àti àwòrán ọwọ́ àdúrà ló kún ibẹ̀. Owó tó wọlé kò tó ₦20,000.

Láàárọ̀, akápò ẹgbẹ́ wa pe ọkọ obìnrin náà lórí fóònù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ọ̀kadà ni ìyàwó náà gùn tí wọ́n fi ní ìjàǹbá, egungun itan rẹ̀ ló ṣẹ́, irin ni dókítà fẹ́ fi sí i. Iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ ₦850,000. Ẹbí ti san ₦480,000, ó ku ₦370,000, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Àbúrò ọkọ ló ni àkáǹtì yẹn, òun ló wà ní ọsibítù tó ń sá sókè sá sódò. Akápò ya fọ́tò bíìlì ọsibítù mọ́ ọn, pẹ̀lú déètì tó wà lórí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ₦402,000 ti wọlé, òun kan náà sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Owó ti pé. Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́."

Àwa kan náà ni o. Owó tó wà lọ́wọ́ wa lálẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa láàárọ̀. Kò sẹ́ni tí ojú àánú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo gbogbo ìpè ìrànwọ́ tó bá wọ orí fóònù mi. Ohun tí mo rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í fi owó ránṣẹ́ kì í ṣe òṣìkà. Wọ́n ka ọ̀rọ̀, wọn ò rí ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ.

Ìdí tí ìpè yìí fi pọ̀ tó báyìí

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí aláìsàn ti ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀ jù lágbàáyé. Nínú ₦10 tí wọ́n bá ná lórí ìlera níbí, nǹkan bíi ₦7 ló ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Dandan náà ṣì wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyá ọlọ́jà ni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé nínú ₦100 tí ìjọba bá fẹ́ ná, ₦15 á máa lọ sórí ìlera. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ìpàdé náà gan-an kò tíì mú un ṣẹ.

Ẹ wo ti kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n á máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. ₦50,000 ni ẹ̀ẹ̀kan ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó dín in kù sí ₦12,000 ní 2025 ní àwọn kan nínú wọn. UCH Ìbàdàn, LUTH àti FMC Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ti ₦50,000 yẹn: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ₦150,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ti gbé owó oṣù méjì mì, ó tún ń wá ẹ̀kún rẹ̀. Ilé tí irú nǹkan báyìí bá wọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ta ilẹ̀, wọ́n á ta ọkọ̀, wọ́n á yáwó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jáde síta.

Jíjáde síta yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìran tó ní àáró, tó ní ọ̀wẹ̀, tó ní èésú, kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáwó lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹni tó ń dáwó mọ aláìsàn. Ó ti bá a pàdé lọ́jà, ó mọ agboolé rẹ̀, ó lè yà níbẹ̀ bó bá ń ti oko bọ̀ kó rí i lórí ẹní. Ojú ló ń jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ kò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ní báyìí, ẹni tó wà ní Peckham nílùú London ni à ń bẹ̀ pé kó ran aránṣọ kan lọ́wọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọn ò sì ní fojú kan ara wọn láé. Ohun tí ojú ń ṣe nígbà náà ti wá di ẹrù ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó ń ṣàìsàn ni a di ẹrù ọ̀hún lé lórí.

Kò rọrùn níbòmíràn náà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá GoFundMe, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń tọrọ owó, sílẹ̀ ní 2010, olùwádìí méjì ní Yunifásítì Washington, Nora Kenworthy àti Mark Igra, yẹ ìpè fún owó ìtọ́jú 437,596 wò, èyí tí àwọn èèyàn gbé síbẹ̀ láàárín 2016 sí 2020. Owó tó wọlé lápapọ̀ lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á ní ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún, 12 péré ló rí iye tí wọ́n ń wá; 16 kò rí kọ́bọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tí gbèsè ìtọ́jú ti ń wọ àwọn èèyàn lọ́rùn, tí adójútòfò kò sì kárí, ni ìpè ti pọ̀ jù, àwọn náà ni owó tó ń wọlé ti kéré jù. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó, tó sì mọ̀ ọ́n kọ, òun ló ń rí i gbà. Ó yẹ kí èyí dùn wá.

Ìwádìí kan tún wà tí Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic gbé jáde ní 2007. Wọ́n san 5 dọ́là fún àwọn èèyàn fún iṣẹ́ kékeré kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda nínú rẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa ní Áfíríkà. Àwọn kan ka ìtàn ọmọbìnrin ọdún 7 kan ní Mali. Àwọn mìíràn ka iye mílíọ̀nù èèyàn tí kò rí oúnjẹ jẹ. Àwọn tó ka ti ọmọ náà yọ̀ǹda 2.38 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó ka ìṣirò, 1.14. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti àwọn tí wọ́n fún ní méjèèjì pọ̀: 1.43 péré. Ìṣirò tí wọ́n fi kún ìtàn ọmọ náà pa iná rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìpè rẹ̀ pẹ̀lú "ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni jẹjẹrẹ ń pa lọ́dọọdún" ti ń lé àwọn èèyàn sá kó tó dárúkọ ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ fúnni lówó ń bi ara rẹ̀

Àwọn kan ti ṣi ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́. Wọ́n rò pé bí ẹkún bá ti pọ̀ tó ni owó á ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ń gbé fọ́tò egbò àti ẹ̀jẹ̀ síta. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí àwọn tó gbé fọ́tò aláìsàn gàdàgbà dání, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké lẹ́bàá wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n etí ti di, ojú ti kú, torí pé ẹkún kan náà ni gbogbo wọn ń sun, kò sì sóhun tí a lè fi mọ ti olóòótọ́ yàtọ̀.

Ẹni tó di fóònù mú, tó fẹ́ fi ₦5,000 ránṣẹ́, nǹkan díẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀. Ta ni ẹni yìí? Kí ló ń ṣe é gan-an? Èló ló kù, ìgbà wo ni wọ́n nílò rẹ̀? Ṣé owó mi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bí ìpè náà kò bá fèsì, kò ní tẹ ẹnikẹ́ni láago láti béèrè. Á kàn kọ "Àmín" síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín níbi tó ti ń já jù, ìyẹn orúkọ orí àkáǹtì. Aláìsàn ń jẹ́ orúkọ kan, orúkọ ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ rí nígbà tó tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán. Ní orílẹ̀-èdè tí gbájú-ẹ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ lówó, ìka máa ń dúró síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí kò le rárá: ìyá aláìsàn kò ní àkáǹtì, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n lò. Ìlà kan péré ló gbà: "Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ máa rí, òun ló ń sanwó ní ọsibítù, nọ́ńbà rẹ̀ rèé." Àìsí ìlà kan yìí ti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ owó.

Déètì ni èkejì. Lórí WhatsApp, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá máa ń ní ọfà méjì lórí, láti oṣù Kẹrin 2020 sì ni wọn kò ti jẹ́ kéèyàn lè darí irú rẹ̀ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rí ọfà méjì náà ti ń fura kó tó kà á. Mo ti rí ìpè fún ọmọ kékeré kan tó ń wọlé sórí fóònù mi léraléra fún ọdún mẹ́ta, ọmọ "oṣù mẹ́jọ" kan náà, ọkàn tó ní ihò kan náà. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí tàbí ó ti sùn. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe ohun tí òbí èyíkéyìí á ṣe, ṣùgbọ́n kò kọ ọjọ́ sí i, kò kọ ibi tí a ti lè rí ìròyìn tuntun, ìpè rẹ̀ sì wá di ohun tó ń kó àárẹ̀ bá àwọn tó yẹ kó ran ọmọ mìíràn lọ́wọ́.

Ti iye owó tún wà níbẹ̀. "Ohunkóhun tí ẹ bá ní" dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ran ẹni tí owó rẹ̀ kéré lọ́wọ́. Ẹni tó ní ₦2,000 á rí ₦15,000,000 lójú ìwé, ojú á tì í, á fi fóònù sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ₦12,000 ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pé ti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wá lọ́wọ́, á mọ̀ pé bí òun bá rí èèyàn márùn-ún sí i, wọ́n ti sanwó ọjọ́ Ajé nìyẹn. ₦2,000 rẹ̀ ti ní iṣẹ́ tó ń lọ ṣe. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ fún èèyàn mi, ohun tí n ó kọ kò ní gùn ju èyí lọ:

"Ọmọ ọdún 34 ni, aránṣọ ni ní Òṣogbo, ọmọ méjì ló bí. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A ti ta máṣíìnì rẹ̀ méjèèjì. ₦12,000 ni ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A ti san ti ọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń wá. Bíìlì àti lẹ́tà dókítà wà nísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni àkáǹtì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni n ó máa sọ iye tó wọlé àti iye tí a ná."

"A ti ta máṣíìnì rẹ̀ méjèèjì." Ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́ ju ẹkún ojú ìwé kan lọ, torí pé ó fi hàn pé ẹbí ti kọ́kọ́ da tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́ síta. Yorùbá kì í kọ̀ láti ran ẹni tó ti gbìyànjú lọ́wọ́.

Ohùn náà ní agbára tirẹ̀. Fóìsì tí ìyá àgbàlagbà kan bá fi èdè ìlú rẹ̀ sọ, tó dárúkọ àdúgbò, tó ki àwọn tó ń gbọ́ ọ bí ìyá ṣe ń ki ọmọ, máa ń wọ ibi tí ìwé kò lè wọ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni John Okafor, Mr Ibu tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù, bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ látorí ibùsùn ọsibítù ní oṣù Kẹwàá 2023, tó ní dókítà ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn lè gé ẹsẹ̀ òun, orílẹ̀-èdè gbọ́. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2024, ṣùgbọ́n a rí bí àwọn èèyàn ṣe jáde. Àwa la ti mọ̀ ọ́n fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní láti sọ ẹni tó jẹ́. Aránṣọ Òṣogbo ní láti sọ ọ́, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn fi ń wo fóònù kó tó yí i sókè ló sì ní.

Ibi tí àlàyé kò bá kún

Ní oṣù Keje 2016, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin gba orí Twitter àti Instagram kan ní Nàìjíríà. Èkó ló wà. 100,000 dọ́là ni ẹbí rẹ̀ ní àwọn nílò láti gbé e lọ sókè òkun. Owó ń rọ́ wọlé lóòótọ́, àfi bí ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ àánú ṣe kọ ọ́ síta pé jìbìtì ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń sunkún fún ọmọ náà láàárọ̀ ti ń bú ẹbí rẹ̀ lálẹ́. Nígbà tó yá ni òótọ́ hàn pé àìsàn ń ṣe é lóòótọ́. Wọ́n gbé e lọ sí South Africa, ibẹ̀ ló ti kú ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Mo máa ń ronú nípa àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ń jiyàn yẹn, àti pé orí ibùsùn ni ọmọ náà wà tí wọ́n fi ń jà á. Ìbéèrè méjì ni àwọn èèyàn ń bi ara wọn: ṣé ó ń ṣàìsàn lóòótọ́, àti pé ṣé ìrìn àjò náà lè ṣe é lóore. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni ìdáhùn méjèèjì wà. Ibi tí àlàyé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kò bá ti kún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bá a fi tirẹ̀ kún un. Ó yẹ kí ìpè fún owó ńlá ní ẹnu dókítà nínú láti ọjọ́ kìíní, kódà bí ohun tí dókítà fẹ́ sọ bá le: pé ìtọ́jú náà lè má ṣiṣẹ́, pé ìrora ni wọ́n fẹ́ bá a dín kù. Àwọn èèyàn á ṣì fúnni lówó. Ẹ̀tàn ni wọn kì í dárí jì.

Ní Ṣáínà, àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí aláìsàn ti ń tọrọ owó, Shuidichou tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 wà lára wọn, ní àyè kan lábẹ́ ìpè kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó mọ aláìsàn ti lè fi orúkọ ara wọn jẹ́rìí: aládùúgbò, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mọ̀lẹ́bí. A mọ̀ ọ́n ní tiwa, onídùúró ni. Ohun tí akápò wa ṣe fún ìyàwó tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ náà nìyẹn. Kò fi kọ́bọ̀ kan lé e nígbà tó ń kọ̀wé, orúkọ rẹ̀ ló fi dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa lókè òkun ní ìdíjú tirẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti lè ṣí ìpè GoFundMe kó sì gba owó rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tàbí ní Manchester ló máa ń bá wọn ṣí i. Òun ló ń kọ ìtàn àìsàn tí kò fojú rí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tí kò yé pé ọsibítù lè ní kí aláìsàn lọ kówó wá ná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí kò bá ṣàlàyé ìyẹn, wọ́n á máa wò ó pé kí ló dé tí ìjọba kò sanwó. Lẹ́yìn náà ni ti dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní iye tí ìjọba là sílẹ̀. Ní 2024 ó ti lé ní ₦1,500. Ẹbí tó nílò 10,000 dọ́là fún ìtọ́jú ní Íńdíà, tí wọ́n ti sọ fún ìjọ pé ₦4,600,000 ni, tún padà wá sọ pé ₦15,000,000. Àwọn tó fetí sílẹ̀ dáadáa lóye. Àwọn tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún ń sọ pé owó ni wọ́n ń jẹ.

Ìtìjú, àti ohun tí kò yẹ kí a tà

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo wa mọ òwe yẹn, síbẹ̀ a máa ń fi àìsàn pamọ́. Ẹ̀rù ayé ń bani, ìyá kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àrùn ìdílé ni, kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa sá. Títí wọ́n á fi gbà láti sọ ọ́ síta, ọjọ́ á ti lọ, jẹjẹrẹ tó wà lójú kan á ti tàn. Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà tún ní èyí tó rọrùn láti sọ. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní ihò, ẹni tí ọkọ̀ gbá, gbogbo èèyàn á káàánú wọn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tí wọ́n ń fura pé ọtí ló mu, ta ló máa kọ tirẹ̀? Mi ò rí ọgbọ́n ìkọ̀wé kankan tó lè tún èyí ṣe. Adójútòfò tó kárí gbogbo èèyàn ló lè tún un ṣe, torí pé adójútòfò kì í béèrè bóyá àìsàn rẹ dùn ún gbọ́.

Mo tún fẹ́ bẹ àwọn òbí lórí fọ́tò. Ọmọ tí ẹ ya níhòòhò lórí ibùsùn ọsibítù lónìí á di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rí i. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ọsibítù pa àṣírí aláìsàn mọ́, òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, èyí tó jáde ní 2023, sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́. Fọ́tò tí ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ṣàìsàn, pẹ̀lú bíìlì tí wọ́n fi ìka bo nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, tó.

Òfin kan náà yìí ni kì í jẹ́ kí ọsibítù dáhùn bí àlejò bá pè wọ́n láti béèrè. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè kọ lẹ́tà. Àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH ní ẹ̀ka sóṣíà wẹ́fíà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ipò aláìsàn tí kò lówó, kí wọ́n sì wá ìrànwọ́ fún un. Àwọn gan-an ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ lọ bá, kí wọ́n tó dé orí Facebook. Bí mo bá láṣẹ, n ó ní kí ẹ̀ka náà ní ìwé ojú kan ṣoṣo fún gbogbo aláìsàn tó ń dáwó: àìsàn rẹ̀, iye tó kù, déètì, òǹtẹ̀ ọsibítù, àti àkáǹtì ọsibítù gan-an, kí owó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Kò sí ìdí tí ẹni tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó mọ̀wé kọ fi gbọ́dọ̀ kú nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí owó bá wọlé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́, tí wọ́n sì ń ba ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Owó wọlé, ìdákẹ́rọ́rọ́ wọlé. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù kò lágbára àti máa kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa ń rí lọ́kàn ẹni tó fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́, tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkọ lé ẹnì kan tí kò sí ní ọsibítù lọ́wọ́. Ìlà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, pẹ̀lú rìsíìtì.

Èyí tó le jù ni bí aláìsàn bá kú. Ojú máa ń ti ẹbí, àfi bí ẹni pé wọ́n jẹ àwọn èèyàn lówó. Owó lè ṣẹ́ kù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n á fi ṣe, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kọ ìpè náà: bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù, ọ̀dọ̀ aláìsàn wo ni yóò lọ, tàbí ṣé ìsìnkú ni. Ó ṣòro láti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìrètí ṣì wà, mo mọ̀. Mo ti bá ẹnì kan kọ ọ́ rí, ọwọ́ mi gbọ̀n.

Ìyàwó tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ náà kò kú. Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọkọ rẹ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa, kò tó ìṣẹ́jú kan. Obìnrin náà ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀pá kan, ọ̀pá náà ń dún kò, kò, lórí táìsì, nígbà tó dé ẹnu ilé ìdáná, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọkọ mi." Kò sẹ́ni tó béèrè fídíò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí bàbá ẹlòmíràn nínú wa ní àìsàn kíndìnrín lọ́dún yẹn kan náà, akápò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí gúrúùpù. Kó tó fi nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀, èèyàn mẹ́ta ti ń béèrè rẹ̀.